Abèèrè Kì í Ṣìnà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Afọ̀nàhàn

Èmi tí mo fẹ́ràn òwe ju ẹ̀rọ lọ ni mo ń kọ èyí. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Òwe yìí ni mo rí nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ afọ̀nàhàn, tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní ráútà.

Ẹ jẹ́ kí a fi gúúsù Èkìtì ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹ̀rọ kan wà ní Ìkẹ́rẹ́, òmíràn ní Ìsẹ̀, òmíràn ní Èmùré. Ìkẹ́rẹ́ sọ fún Ìsẹ̀ pé, "Ìgbésẹ̀ kan ni Àkúrẹ́ sí mi." Èmùré náà ní, "Ìgbésẹ̀ méjì ni, mo ń gba Ọ̀wọ̀." Ìsẹ̀ fi ìgbésẹ̀ kan kún ti olúkúlùkù, ó sì yan Ìkẹ́rẹ́, nítorí méjì kéré sí mẹ́ta. Bí okùn Ìkẹ́rẹ́ sí Àkúrẹ́ bá já, Ìkẹ́rẹ́ yóò ránṣẹ́, Ìsẹ̀ yóò sì yíjú sí Èmùré láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Ọ̀nà kan kò kúkú wọ ọjà. Bí RIP, ìlànà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1988, ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ní ìṣẹ́jú àáyá 30 síra ni àwọn ẹ̀rọ ń sọ ohun tí wọ́n mọ̀ fún aládùúgbò wọn.

Láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, BGP, tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1989, ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Òun náà gbára lé ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Ibẹ̀ ni òwe wa ti pàdé ìdánwò. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, níbi tí ilé-iṣẹ́ MainOne ti Èkó ti ń tún ètò rẹ̀ ṣe, àṣìṣe mú kí ó kéde àwọn ọ̀nà Google tí kò yẹ kí ó kéde fún China Telecom. Ìyẹn gbà á gbọ́, ó sì sọ ọ́ fún àwọn mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìsọfúnni tí ń lọ sọ́dọ̀ Google fi gba Rọ́ṣíà àti Ṣáínà. Ìṣẹ́jú 74 kọjá kí MainOne tó tún un ṣe.

Gbogbo àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ló bèèrè, síbẹ̀ wọ́n ṣìnà. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń pààlà sí ohun tí aládùúgbò kọ̀ọ̀kan lè kéde kí a sì gbà á. Lójú tèmi, òwe náà kò parọ́. Ẹni tí a ń bi ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀.