Etí Ihò ni Ọ̀gá Mi ti Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tó bá fẹ́ fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ jẹun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Etí ihò ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mi, ó sì pẹ́ gan-an kó tó jẹ́ kí n kúrò níbẹ̀.

Kádì ni mí nígbà náà, ní pápá gọ́ọ̀fù kan n'Ìbàdàn. Mo máa ń gbé báàgì kiri tẹ̀lé àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù tí mo bá ti ti ilé-ìwé dé. Láyé ìgbà yẹn, kò sí koríko níbi tí ihò wà. Bráùn la ní: yanrìn tí wọ́n fi ọ́ìlì pò kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, tí wọ́n tẹ́ yí ihò ká. Gbogbo ẹsẹ̀ tó bá tẹ̀ ẹ́ ló ń fi ipa sílẹ̀. Àwa kádì la máa ń fi pákó tí wọ́n kàn mọ́ ọ̀pá gígùn fa yanrìn náà, láti ibi tí bọ́ọ̀lù wà títí dé ihò, kó lè tún tẹ́jú. Bí a bá fi ìkánjú fà á, yanrìn á wú láàárín. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ jù, ojú rẹ̀ á le, bọ́ọ̀lù á sì sáré kọjá ihò. Ìdí iṣẹ́ yìí ni ọ̀gá fi mí sí. Ó ní kí n máa wo ohun tí bọ́ọ̀lù ń ṣe lórí ọ̀nà tí mo bá fà, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa gbé pọ́tà, ọ̀pá tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò, lé mi lọ́wọ́, ojú mi ti mọ ìgbà tí eré bọ́ọ̀lù ń tán lọ, mo sì ti mọ bọ́ọ̀lù tó máa wọlé yàtọ̀ sí èyí tó máa gba etí ihò kọjá.

Ihò gọ́ọ̀fù kò ju mílímítà 108 lọ ní fífẹ̀. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí 42.67. Ọ̀gá á to bọ́ọ̀lù yí ihò ká ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kan, á ní kí n gbá gbogbo wọn wọlé láìjẹ́ kí ọrùn ọwọ́ mi yẹ̀. Èjìká ni kó máa gbé e lọ, kó máa gbé e bọ̀. Bí ọ̀kan bá tàsé, a ó kó gbogbo rẹ̀, a ó tún un tò. Kì í pariwo, kì í sì í yinni. Bí mo bá ṣe dáadáa, ìgbésẹ̀ kan ló máa fi kún un.

Lẹ́yìn náà ló fún mi ní ọ̀pá onírin kan ṣoṣo, nọ́ńbà 7, tí ibi ìdìmú rẹ̀ ti bó, tí a fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé. Àwa kádì tí a dá kọ́ ara wa, ọwọ́ òsì là ń fi sísàlẹ̀, ọ̀tún á wà lókè. Bí bọ́ọ̀lù bá ti fò, a ti mọ̀ ọ́n gbá nìyẹn. Ọ̀gá tú ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Òsì lọ sókè, àtàǹpàkò rẹ̀ nà lé ọ̀pá. Ọ̀tún wá bò ó, ìka rẹ̀ tó kéré jù gun ẹ̀yìn òsì. "Bí iṣan apá rẹ bá ti yọ, o ti fún un jù," ó ní.

Ṣe ni mo wá dà bí ẹni tí kò gbá gọ́ọ̀fù rí. Bí ọ̀pá kò bá kọ́kọ́ gé ilẹ̀, á ha orí bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á sì máa yí lọ nínú koríko. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó, ó sì tún le. Ọ̀gá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi pátápátá, ó fi igi fa ìlà sílẹ̀, ó ní kí n máa gé ilẹ̀ ní iwájú ìlà náà, kì í ṣe ní ẹ̀yìn rẹ̀. Irin gbọ́dọ̀ ba bọ́ọ̀lù kó tó ba ilẹ̀. Ìlà ni mo ń gé láràárọ̀ títí ilẹ̀ ibẹ̀ fi pá. Nígbà tó dá bọ́ọ̀lù padà, tí mo sì gbá a bó ṣe yẹ, ọwọ́ mi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ó ba nǹkan: ìró kan péré, kúkurú, gbígbẹ, bọ́ọ̀lù sì ti gòkè. Ọ̀gá kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Kò tilẹ̀ yíjú. "Ìyẹn nìyẹn," ó ní. Etí ló fi mọ̀ ọ́n. Títí di òní, etí ni mo fi máa ń kọ́kọ́ mọ ibi tó kù sí fún àwọn tí mò ń kọ́.

Ọ̀gá ti ṣe kádì n'Ìkòyí nígbà tí ìdíje Nigerian Open ń kó àwọn ògbóǹtarìgì wá sí Èkó. Ojú rẹ̀ ni Lee Elder, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ṣe borí ní 1971, ọdún mẹ́rin ṣáájú kó tó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá ìdíje Masters ní Augusta. Ojú rẹ̀ ni Sandy Lyle, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Skọ́tílándì, ṣe gba ife ní 1978, tó fi gbígbá 61 péré parí ọjọ́ kan lórí bráùn wa. Ọ̀rọ̀ Elder ló máa ń pẹ́ lé lórí. Ó máa ń rán wa létí pé Elder náà ní ọ̀gá, Ted Rhodes, agbágọ́ọ̀fù gidi tí òfin ẹgbẹ́ PGA Amẹ́ríkà tì síta nítorí àwọ̀ rẹ̀, òfin tí wọn kò pa rẹ́ títí di 1961. Mo gbà pé ìdí nìyí tí kò fi gba gbẹ̀fẹ́ fún wa. Ó mọ iye àwọn tó ní ọwọ́ iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí a kò ṣílẹ̀kùn fún.

Mo gbá ìdíje àwọn kádì, mo ṣe ìdánwò, mo di oníṣẹ́. Owó ìdíje kò tó bọ́ ilé. Kíkọ́ ni ló ń bọ́ wa.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bráùn di koríko. Lórí bráùn, kádì ló ń la ọ̀nà fún bọ́ọ̀lù. Lórí koríko, ìwọ lo máa wá ọ̀nà fúnra rẹ. Koríko Bermuda máa ń sùn sí apá kan. Bí o bá dúró tí ojú rẹ̀ ń dán, ó ń sùn lọ síwájú rẹ nìyẹn, bọ́ọ̀lù á yá. Bó bá ṣú, ó kọjú sí ọ, o ní láti fi agbára kún un. Mo tún padà sí etí ihò, ìgbésẹ̀ kan, ìgbésẹ̀ méjì, títí ó fi yé mi.

Ọ̀gá ti darúgbó nígbà tó wá wo pápá tuntun náà. Ó bọ́ bàtà, ó rìn yí ihò ká, ó ní kí n ṣàlàyé. Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó lè la ẹnu. "Dìde," ó ní, "iṣẹ́ la wá ṣe." Mo fi ibi tó ń dán àti ibi tó ṣú hàn án, ó ń béèrè, ó ń gbá a, ó ń tún un gbá, títí oòrùn fi wọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó ti ń fi kọ́ àwọn kádì kéékèèké, ìgbésẹ̀ kan sí ihò. Àwọn ọmọ yẹn ti di oníṣẹ́ báyìí, a sì jọ ń du ife.