Ìyá ọlọ́mọ tó ń lọ wọ bàálù n'Ìkẹjà, ẹ tú ọ̀já o!

Ojoojúmọ́ ni bàálù ń fò kọjá lórí òrùlé wọn l'Ágége, ṣùgbọ́n ìyá tó máa ń pọn ọmọ wọ dáńfó ní Pen Cinema gbọ́dọ̀ mọ̀ pé pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed n'Ìkẹjà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1979, kì í ṣe gáráàjì.

Níbi àyẹ̀wò, wọ́n á ní kó sọ ọmọ kalẹ̀. Nínú bàálù, iwájú lọmọ ń wà, lórí itan ìyá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò nílò ìjókòó tirẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òkè òkun ni wọ́n ń lọ, kódà bí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ ni, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tirẹ̀.

Ìgbà tí bàálù bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni wàhálà dé. Ọmọ á figbe ta. Àwọn kan á ní ebi ni, àwọn mìíràn á ní ayé ti rí i. Etí ni o! Agbára afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ń yí padà, ihò tó so etí pọ̀ mọ́ ọ̀fun ọmọdé sì tín-ín-rín, kì í tètè ṣí. Tọ́mọ bá ń gbé nǹkan mì, á ṣí. Nítorí náà, ẹ jí i, kẹ́ ẹ fún un lọ́mú títí táyà á fi kanlẹ̀. Èyí tí ọ̀fìnkìn bá ń dà láàmú, ẹ kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ọ̀já yẹn ńkọ́? Ẹ ká a sínú báàgì. Ẹ máa nílò rẹ̀ tẹ́ ẹ bá délẹ̀.