Kí Àwọn Olùyẹ̀wò Tó Dé

Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Oakland lọ sí Sacramento ní California máa ń gba etí omi lọ fún ìgbà pípẹ́ kó tó yà wọ inú ilẹ̀. Lẹ́yìn Berkeley, ó kọjá lára ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Albany. Kì í dúró níbẹ̀. Ìlú yẹn gan-an ni mo ń wá lójú fèrèsé, torí pé ibẹ̀ ni Caleb Sears, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, wọ́n mú un lọ yọ eyín. Wọ́n fún un ní oògùn akunilóorun. Èémí rẹ̀ dáwọ́ dúró, ọmọ náà sì kú.

Àwọn òbí rẹ̀, pẹ̀lú àǹtí rẹ̀ kan tó jẹ́ dókítà, gba ilé aṣòfin lọ. Aṣòfin Tony Thurmond gbé àbá òfin AB 2235 kalẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i ní 2016, Òfin Caleb sì ni wọ́n ń pè é títí dòní. SB 501 ló tẹ̀ lé e: aṣòfin Steve Glazer ló gbé e wá, wọ́n fọwọ́ sí i ní 2018, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Òfin yìí ló tún àwọn ìwé àṣẹ pín. Dókítà eyín tó fẹ́ kun ènìyàn lóorun pátápátá ní tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lo oògùn tó ń mú aláìsàn tòògbé, tí yóò ṣì dáhùn bí wọ́n bá pè é, ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìwé àṣẹ kejì yìí ni àǹtí tó gbà mí lálejò ní Sacramento ń wá. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ eyín, kílíníìkì rẹ̀ kò sì tóbi. Bí a ṣe ń jẹun alẹ́ ló là á yé mi.

“Àbúrò mi, wọn ò wo ìwé ẹ̀rí mi nìkan o. Wọ́n á wá wo yàrá, wọ́n á wo irinṣẹ́, wọ́n á wo àwọn òṣìṣẹ́ mi, wọ́n á sì dúró tì mí nígbà tí mo bá ń fún aláìsàn ní oògùn.”

Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ eyín ní California, Dental Board, ló ń yan àwọn olùyẹ̀wò náà. Ó kéré tán, méjì ni wọ́n máa ń jẹ́, àwọn fúnra wọn sì gbọ́dọ̀ ti máa lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ wọn fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ẹni tó bá kọ̀ kí wọ́n wọlé, ó ti pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ti ní in tẹ́lẹ̀, tó wá kùnà, ọjọ́ 30 ló ní láti tún àyẹ̀wò náà ṣe kó sì yege, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á dá a dúró.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí aláìsàn tó kẹ́yìn ti lọ, àǹtí ní kí n wá wo ìdánrawò òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Òfin fẹ́ kí yàrá náà fẹ̀ débi tí ènìyàn mẹ́ta á lè rìn yí aláìsàn ká láìforígbárí. Àga gbọ́dọ̀ ṣeé tẹ́ sílẹ̀ kíákíá, kó sì le dáadáa, kí ọwọ́ tó bá ń tẹ àyà aláìsàn má baà rì sínú tìmùtìmù. Àǹtí tẹ́ àga náà, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e dìde. Lẹ́yìn náà ló pa iná yàrá.

Àtùpà alábátìrì kan tàn lókè. Ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu aláìsàn náà ní ìkejì tí kò gbára lé iná ìjọba. Ọmọ Nàìjíríà ni mí, mo mọ ohun tí iná tó lọ lójijì lè sọ iṣẹ́ abẹ dà, nítorí náà inú mi dùn sí ìlànà yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ. Kì í ṣe àṣejù: ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa iná àìmọye ilé ní àríwá California nítorí ìbẹ̀rù iná tó ń jó igbó.

Wọ́n wá bọ́ sí ti pàjáwìrì. Àwọn olùyẹ̀wò lè ní kí dókítà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe bí ẹni pé ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn dí, pé gìrì mú un, pé ṣúgà ara rẹ̀ lọ sílẹ̀, pé ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀, pé ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ dùbúlẹ̀ sórí àga, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i nímú, wọ́n sì há ẹ̀rọ mọ́ ọn níka. Àǹtí ní kó di èémí rẹ̀ mú. Lójú ẹsẹ̀, ìlà tó ń gun òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú capnograph, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èémí, tẹ́ pẹrẹsẹ. Nọ́ńbà ọ́síjìn tó ń ti ìka wá kò yẹ̀. 98 ló wà, 98 náà ló ṣì ń sọ.

“Ẹ wò ó,” ni àǹtí wí fún wọn, “ìka kò tíì mọ̀ pé kò mí mọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹni tó bá dúró de ìka ti pẹ́ jù, pàápàá lára ọmọdé, tí ọ́síjìn inú rẹ̀ kéré tó sì ń yára tán. Kò sí ìdánwò orí ìwé tó lè fi hàn bóyá ojú òṣìṣẹ́ wà lára ìlà yẹn tàbí kò sí níbẹ̀. Àwọn dókítà kan máa ń sọ pé àyẹ̀wò yìí ń gba àkókò àti owó. Òótọ́ ni, ó ń gbà á, ó sì yẹ kó gbà á. Àwọn dókítà eyín wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú oorun iṣẹ́ abẹ wá sójú ayé: Horace Wells ní Hartford ní 1844, William Morton ní Boston ní 1846. Iṣẹ́ wọn ni, àwọn ló sì yẹ kó jìyà ìmúrasílẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n yẹ oògùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ka ọjọ́ tó máa bàjẹ́ sókè ketekete: naloxone tó ń já agbára oògùn ìrora bíi morphine, flumazenil tó ń já ti oògùn ìtòògbé bíi midazolam, epinephrine, omi ṣúgà. Àǹtí ṣí sílíńdà ọ́síjìn kékeré tó wà nípamọ́, ó sì wo abẹ́rẹ́ ojú rẹ̀ kó tó tì í padà.

Ọjọ́ tí àwọn olùyẹ̀wò dé, ìta ni mo jókòó sí, torí aláìsàn gidi wà lórí àga. Wọ́n yìn ín fún pàjáwìrì àti irinṣẹ́. Ìwé tí wọ́n ń kọ oògùn olóró sí ni kò pé, nítorí náà wọ́n gbà á wọlé pẹ̀lú àdéhùn pé kó tún un ṣe kó sì fi ẹ̀rí ránṣẹ́ kí ìwé àṣẹ tó jáde. Ó ṣe é lọ́sẹ̀ yẹn. Ní ti àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, òfin fẹ́ kí olùrànlọ́wọ́ méjì wà nínú yàrá yàtọ̀ sí dókítà fúnra rẹ̀. Ẹnì kan péré ni àǹtí ní tó tóótun, ó sì ti sọ fún àwọn òbí tó ń pè é pé òun kò ní gba ọmọ wọn títí òun yóò fi rí ẹnì kejì.