Dálà Mélòó? Ìrántí Ilé-Ẹ̀kọ́ Mi ní Boukoki

Ní àdúgbò Boukoki, ní ìlú Niamey, ni bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti ta aṣọ títí ó fi darúgbó. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fi èmi àti àbúrò mi obìnrin sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ẹni tí ó bá gbọ́ Hausa yóò mọ̀ pé ahéré koríko ni bukka, àti pé bí ó bá di púpọ̀, bukkoki ni wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwa Yorùbá yá tí a fi ń pe ilé olóúnjẹ ní búkà. Orúkọ àdúgbò wa, bí ẹ ti rí i, kì í ṣe orúkọ ọlọ́lá.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi mọ bí inú ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti í dùn tó bí ìwé orúkọ bá kún. Tiwa kún àkúnwọ́sílẹ̀. Lórí bẹ́ǹṣì ọlọ́mọ méjì, àwa mẹ́rin ni a ń fún mọ́ra. Ẹni tí ó wà ní ìpẹ̀kun kò lè kọ̀wé àfi bí èkejì rẹ̀ bá ká ìgbọ̀nwọ́ kò. Yorùbá ni a ń sọ nílé, Zarma ni a ń bá àwọn ọmọ àdúgbò sọ, Hausa ni a fi ń tajà. Faransé nìkan ni olùkọ́ gbà kí a sọ, ẹnu rẹ̀ nìkan ni a sì ti ń gbọ́ ọ.

Àbúrò mi gbọ́n jù mí lọ, n kò tijú láti sọ ọ́. Bí a bá ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́, òun ni ó ń bá ìyá wa ta àkàrà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń ka owó níbẹ̀: fráǹkì 5 ni dálà kan, nítorí náà fráǹkì 100 jẹ́ dálà 20. Bí oníbàárà bá ra àkàrà dálà 13, tí ó sì na fráǹkì 100, kí ó tó ṣẹ́jú, dálà 7 ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ kọ ìṣirò yìí gan-an sí ojú pátákó, 100 dín 65, tí ó sì fi Faransé bi í, ó dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n fi owú dí i lẹ́nu. Olùkọ́ pè é ní olódo. Ó tún kíláàsì náà ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà náà ni bàbá mi bínú, ó ní, "Bí ọmọ yìí kò bá mọ ìṣirò, ta ni ó ń bá ìyá yín ṣírò owó?" Ó sì mú un kúrò. Ọmọ mìíràn jókòó sí àyè rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ìwé orúkọ sì kún bí ó ti máa ń kún. N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Olùkọ́ ọ̀hún kì í ṣe ìkà ènìyàn. Bí wọ́n ti kọ́ òun náà ni ó ń kọ́ wa.

Nígbà tí èmi náà di olùkọ́ ní ilé, ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Boukoki nìkan. Ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, iye ọmọ tí kò tó 500,000 ní 1954 ré kọjá 800,000 láàárín ọdún kan. N kò jẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ńlá náà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lára àwọn tí ó jẹ àǹfààní rẹ̀. Síbẹ̀, nǹkan ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ wọlé, nǹkan ọ̀tọ̀ ni kí ẹ̀kọ́ wọ ọmọ. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Ilé-Ifẹ̀: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní 1973, orílẹ̀-èdè Niger dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Zinder, wọ́n ń fi Hausa kọ́ni. Tiwa ní Boukoki kò sí lára wọn.

Àyè pàápàá ṣì jẹ́ ìṣòro títí di òní, nítorí ní Niger, obìnrin kan ń bí tó ọmọ mẹ́fà tàbí méje. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 2021, iná jó àwọn kíláàsì tí wọ́n fi koríko kọ́ ní àdúgbò Pays-Bas ní Niamey, ogún ọmọ kéékèèké sì bá a lọ. Nínú oṣù kọkànlá ọdún náà, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Maradi. Nígbà tí mo gbọ́, ìwé orúkọ ni mo kọ́kọ́ rò, àti ẹni tí yóò ṣí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi kẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ wá kí n bá òun wò ó. Faransé ni wọ́n fi kọ ìbéèrè náà. Ìyá rẹ̀ wo ojú ìwé náà títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, dálà mélòó ni wọ́n ń bi í?" Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Kí n tó mú gègé, ó ti dá ọmọ náà lóhùn.