Ọwọ́ Lásán Ni, Ẹ̀yin Ará

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ tó ṣí ojú ewé yìí kọjá: kò sí oògùn lára mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti gbọ́ pé ọmọkùnrin tó máa ń bá wọn to àga lẹ́yìn ìsìn ti di onídán. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn láti bí ọdún mẹ́ta báyìí, níbí ní Kaduna.

Tí èèyàn bá ní onídán, Professor Peller ni ẹ̀yin àgbà máa ń rántí, ọmọ Ìṣẹ́yìn tó lọ kọ́ iṣẹ́ ní Íńdíà, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń pidán lórí pèpéle, kí àwọn apani tó pa á ní 1997. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. N kò ní pèpéle, n kò ní àpótí ńlá, n kò ní iná aláràbarà. Idán tèmi, ojúkojú ni. Iwájú yín gan-an ni mo ti ń ṣe é, lórí tábìlì tí ẹ ti ń dúró de ìrẹsì níbi ìgbéyàwó, bí ìgbà tí èèyàn méjì jókòó ti ọpọ́n ayò. Ẹ lè na ọwọ́ kàn mí.

Káàdì Wọ́ọ̀tì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa: róbótó, onígun mẹ́ta, àgbélébùú, ìràwọ̀, àti ogún tí gbogbo èèyàn ń wá. Káàdì tẹ́tẹ́, èyí tó ní ọba àti ayaba, màmá mi ò ní jẹ́ kó wọlé. Títí di òní, Wọ́ọ̀tì ni mo ń lò jù. Tí mo bá gbé káàdì tẹ́tẹ́ kalẹ̀ níwájú àwọn ìyá ẹgbẹ́, wọ́n á ti wojú ara wọn kí n tó la ẹnu. Wọ́ọ̀tì ńkọ́? Wọ́n á ní kí n pín in, kí àwọn ta á.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń fi owó onírin há àtẹ́lẹwọ́ kí ọwọ́ ó sì dà bí èyí tó ṣófo. Oṣù mẹ́rin, níwájú jígí, ohun kan ṣoṣo. Owó onírin fúnra rẹ̀ tún ṣọ̀wọ́n. Onínáírà kan àti onínáírà méjì tí ìjọba ṣe jáde ní 2007, ta ló rí wọn lọ́jà mọ́? Ọwọ́ bàbá kan tó ń kó owó àtijọ́ jọ ni mo ti rí mẹ́rin rà. Tí ọyẹ́ bá wá dé, ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa gbé òkè Ọya mọ̀ ọ́n, ìka á gbẹ, á sán, káàdì á máa yọ̀ bọ́ sílẹ̀ bí ewé igi. Ní 1922, ọmọ Kánádà kan tó ń jẹ́ Dai Vernon ṣe idán káàdì kan náà léraléra níwájú Houdini, ẹni tó ń fọ́nnu pé kò sí idán tí òun á rí lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí òun ò ní mọ àṣírí rẹ̀. Houdini ò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ tó ti ṣe ohun kan láìmọye ìgbà ni, kì í ṣe àǹjọ̀nú.

Bí a ṣe ń dé ìdí tábìlì ni kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ìgbéyàwó àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí sí, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti ṣòkòtò dúdú, mo rò pé mo mọ aṣọ wọ̀. Bí mo ṣe dé tábìlì kejì, bàbá kan na ife sí mi: "Ọmọ, bá wa gbé omi tútù wá." Mo lọ gbé e wá, àbí kí ni mo fẹ́ ṣe? Nígbà tí mo gbé omi náà kalẹ̀ ni mo wá yọ owó onírin kan lábẹ́ ife rẹ̀. Inú bàbá dùn débi pé ó pe gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́kọ́ kí ẹni tó dàgbà jù lórí tábìlì kí n tó ṣe ohunkóhun, tí oúnjẹ bá sì dé, mo yáa kọjá síbòmíràn. Onílé ọjọ́ náà kò san kọ́bọ̀ fún mi, ìrẹsì nínú ike àti "Ọlọ́run á san án fún ẹ" ni mo gbé lọ sílé. Ìdajì owó ni mo ń gbà báyìí kí n tó wọ aṣọ.

Àmọ́ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín gan-an, Sátidé kan ni, ní apá Barnawa. Nígbà yẹn, mo ní idán kan tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn. Mo á gé bébà funfun márùn-ún bí owó, mo á fi hàn yín tinú tẹ̀yìn, mo á ká a, mo á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á di ẹgbẹ̀rún náírà márùn-ún. (Àwọn onídán òkè òkun máa ń ní kí olówó kọ orúkọ sára owó rẹ̀, àwa ò gbọdọ̀ dán an wò, òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 lè fi èèyàn sẹ́wọ̀n nítorí ìyẹn.) Wọ́n pariwo lọ́jọ́ náà. Àwọn kan dìde dúró.

Ìyá kan tẹ̀ lé mi dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, níbi tí àwọn alásè ti ń fọ abọ́. Ó tú etí ìró rẹ̀. ₦18,000 ló wà níbẹ̀, ó ti kà á kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Owó ìdánwò WAEC ọmọ rẹ̀ ni, kò pé, ọjọ́ sì ti ń lọ. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ dákun, ẹ bá mi fẹ́ atẹ́gùn sí i."

Ìyá tó lè bí mi lọ́mọ ń pè mí ní bọ̀ọ̀dá, ó ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí.

N ò ní purọ́ fún yín. Wọn ò tíì san ìdajì owó mi tó kù, owó ilé mi sì ti kọjá ọjọ́. Ohun gbogbo tí gbájúẹ̀ nílò wà lọ́wọ́ mi: ìka tó yá, ọ̀rọ̀ ẹnu, àti ẹni tó ti gbà gbọ́ kí n tó sọ̀rọ̀. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Mo ní kí ó jókòó lórí àga ike kan, mo sì tú àṣírí idán náà fún un. Àwọn onídán kì í sọ àṣírí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Mo ṣe é díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà: ibí ni owó wà láti àárọ̀, ibí ni bébà ń lọ, ìgbà tí mo wo ojú yín ni mo pààrọ̀ rẹ̀. Ó wò ó dáadáa. Ó ní òun ti rí i. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ òótọ́ ńkọ́, èyí tí ẹ ń ṣe nínú ilé?"

Mo ní kò sí.

Ó ní, "Ẹ ò kàn fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni." Ó so owó rẹ̀ padà mọ́ etí ìró, ó lọ. Kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n ò fún un lówó. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí mo fi pidán ni gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ mi, òun náà ni owó ọkọ̀ mi. Ìdáhùn yẹn ò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo kà nípa Reginald Scot, ará England kan tó kọ ìwé ní 1584, nígbà tí wọ́n ń pa èèyàn níbẹ̀ pé àjẹ́ ni wọ́n. Ó tú àṣírí idán owó, ti káàdì, ti okùn, kí àwọn èèyàn lè rí i pé ọwọ́ ló ń ṣe é. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ èmi àti ìyá yẹn ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan nínú ìjọ ti bi mí bóyá irọ́ kọ́ ni mo ń pa jẹun. Ẹni tó ń pàlọ́ ìjàpá fún àwọn ọmọ lálẹ́, ṣé ẹ ń pè é ní òpùrọ́? Wọ́n mọ̀ pé àlọ́ ni. Ìyá yẹn ò mọ̀ pé àlọ́ ni tèmi, èmi ò sì sọ fún un títí ó fi tú etí ìró. Ẹ̀bi mi nìyẹn.

Nítorí náà, tí mo bá dé ìdí tábìlì báyìí, tí mo bá ti kí àgbà tán, ohun tí mo ń sọ ni pé: "Ọwọ́ lásán ni o. Kò sí agbára kankan níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ mi dáadáa." Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní mo ń ba ọjà jẹ́. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń sún àga mọ́ tòsí, tí wọ́n ń di ọwọ́ mi mú. Olùdarí ètò kan ṣì bẹ̀ mí lóṣù tó kọjá pé kí n ṣe idán olówó yẹn, ó ní òun ló ń mú inú àlejò dùn jù. Mo ní n ò ṣe é mọ́. Àpò òsì tí mo máa ń tọ́jú owó náà sí, ánkáṣíìfù ló wà níbẹ̀ báyìí, nítorí àtẹ́lẹwọ́ mi máa ń làágùn.