Èyí Tó Kù Ni Léésà Ń Ṣọ́

Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Nínú ilé tiwa, àtọ̀gbẹ, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, kì í ṣe àlejò. Ó mú bàbá wa, ó sì mú àbúrò wọn obìnrin. Ohun tí a rí nípa ojú àwọn méjèèjì ni a fẹ́ bá yín sọ, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé léésà ló ń fọ́ni lójú.

Bí ṣúgà bá pọ̀ lẹ́jẹ̀ fún ọdún pípẹ́, a máa ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké jẹ́ nínú awọ tó wà lẹ́yìn ẹyinjú, èyí tí a fi ń gba ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀ dáadáa mọ́, iṣan tuntun tí kò lágbára lè hù níbẹ̀. Wọn a bẹ́, ẹ̀jẹ̀ a sì dà sínú ojú. Èyí tó burú jù ni pé níbẹ̀rẹ̀ kì í dunni, kì í sì í dí ìwé kíkà lọ́wọ́.

Léésà jẹ́ ìmọ́lẹ̀ alágbára tí dókítà fi ń jó etí awọ yìí ní tóótòòtó, nǹkan bí 1,200 sí 1,600 lójú kan, kí àárín lè yè. Ó dà bí àgbẹ̀ tó dáná sun etí oko kí iná ẹ̀ẹ̀rùn má baà jó iṣu àárín. Ní ọdún 1972, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lára aláìsàn tó lé ní 1,700: wọ́n ṣe ojú kan, wọ́n fi ìkejì sílẹ̀. Nígbà tó fi di 1976, ó ti hàn pé léésà dín ewu kí ojú bàjẹ́ pátápátá kù ju ìdajì lọ.

Bàbá wa ṣe ti àkọ́kọ́ ní ọdún 2018. Ojú wọn ṣe bàìbàì fún ọjọ́ díẹ̀, ó padà sí bó ṣe wà, kò sì mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn kì í ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́; ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọn yọ a máa já wọn láyà. Lílọ sí mọ́sálásí fún àsùbáà di iṣẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò rí i pé wọ́n ti bà á jẹ́? N ò lọ mọ́."

A kò purọ́ fún wọn. A ní, "Bàbá, òótọ́ ni, ó gba nǹkan lọ́wọ́ yín. Kò wá dá ojú ìgbà èwe padà fún yín. Èyí tó kù ló wá ṣọ́." Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá bèèrè ẹni tí yóò máa mú wọn lọ sí àsùbáà. Ọmọ-ọmọ wọn kan gbà á, òun àti tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n padà lọ parí rẹ̀. Títí di òní, wọ́n ń ka Àlùkùránì onílẹ́tà ńlá. Àbúrò wọn, tó ní kí ojú kọ́kọ́ dun òun ná, ohùn ló fi ń dá wa mọ̀ báyìí.

Lóde òní, abẹ́rẹ́ wà tí wọ́n ń gún sínú ojú. Ó lè mú kí ìríran sàn sí i fún ẹni tí àárín awọ rẹ̀ wú. Ṣùgbọ́n àgúntúngún ni. Ẹni tí kò bá lè máa padà wá déédéé, léésà ṣì wúlò fún un púpọ̀.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, ẹ máa ṣọ́ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ẹ sì yẹ ojú wò lọ́dọọdún nígbà tí ẹ ṣì ń ríran dáadáa. Ìgbà yẹn gan-an ni léésà ní ohun púpọ̀ láti ṣọ́.