Wàráńtì Ọdún Kan

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, ó sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìwé wàráńtì. Tèmi jẹ́ ojú ìwé 4, lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé fìtílà fóònù ni mo fi kà á. Ìsàlẹ̀ páálí ẹ̀rọ ìgbẹ́gi tí mo rà ní £1,180 lóṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni mo ti rí i. Gbólóhùn tó ṣe kókó nínú rẹ̀ ni pé bí ẹ̀rọ náà bá ní àbùkù láàárín ọdún kan, ilé iṣẹ́ tó ṣe é yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ìwé náà kò sọ ni ẹni tí yóò ṣe làálàá àtúnṣe ọ̀hún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi ṣe é fún wọn láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú ẹ̀rọ tí mo ń wí. Kì í ṣe ẹ̀rọ ńlá tí àwọn káfíńtà ń lò ní ṣọ́ọ̀bù. Orí tábìlì ló ń gbé, kò sì fẹ̀ ju ìrọ̀rí méjì tí a tò ti ara wọn lọ. Ènìyàn yóò ya àwòrán ohun tó fẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ náà yóò sì fi irin kan tó ń yí bìrì gbẹ́ igi náà díẹ̀díẹ̀ títí àwòrán yóò fi yọ. Ẹ́ńjìnnì kéékèèké 3 ló ń darí irin yìí: ọ̀kan ń gbé e sọ́tùn-ún àti sósì, ọ̀kan síwájú àti sẹ́yìn, ọ̀kan sókè àti sísàlẹ̀. Wọn kì í yí gbirigbiri bí ti fáànù. Ìṣísẹ̀ ni wọ́n fi ń yí, ìṣísẹ̀ 200 fún ìyípo kan. Kọ̀ǹpútà ń ka iye ìṣísẹ̀ tó pa láṣẹ, ṣùgbọ́n kò ní ojú tó fi ń rí èyí tí ẹ́ńjìnnì gbé ní tòótọ́. Bí ó bá pàṣẹ 500 tí ẹ́ńjìnnì sì gbé 480, ohun tó gbà gbọ́ ni pé 500 ti pé. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà mi ti wá.

Ọpọ́n ayò ni mo fẹ́ gbẹ́. Bàbá mi ní Ìkéré-Èkìtì yóò pé ẹni 70 ọdún ní ìparí oṣù kejìlá, ikán sì ti jẹ ọpọ́n tí bàbá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ayò ni ọ̀rọ̀ tó kù láàárín èmi àti bàbá mi tí kò la ti owó tàbí àìsàn lọ. Bí mo bá pè é láti London, ẹni tó fi jàn án lánàá ni yóò kọ́kọ́ ròyìn. Mo ra pátákó ìrókò, igi tí àwọn oníṣòwò pákó níhìn-ín náà ń pè ní iroko gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pè é nílé. Mo wọ ìbomú, nítorí pé eruku rẹ̀ máa ń yọ imú lẹ́nu. Ihò 12 ni mo yà sórí kọ̀ǹpútà, mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ibi tí ọmọ ayò 48 yóò máa gbé.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́ tí mo fi ń gbẹ́ nǹkan wẹ́wẹ́ kò mú ìṣòro kankan wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo gbé ìrókò lé ẹ̀rọ. Ihò mẹ́fà àkọ́kọ́ dán, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Nígbà tó kan ihò keje, irin náà kò dúró ní mìlímítà 22 tí mo pa láṣẹ. Gbogbo ìgbà tó bá gbéra sókè tó tún sọ̀ kalẹ̀ ló ń rì sí i, títí tó fi lu pákó náà já.

Mo kọ íméèlì sí olùtajà lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fi fọ́tò sí i. Èsì rẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ: wàráńtì kò sí lọ́wọ́ àwọn, kí n kàn sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ilé iṣẹ́ náà wà lókè òkun. Ìgbà tí mo bá ti sùn ni wọ́n ń fèsì, ìgbà tí mo bá jí tí mo dá wọn lóhùn ni àwọn náà ń lọ sùn. Èsì kan fún ọjọ́ kan, bí wọ́n bá ṣe dáadáa. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ wáyà tó so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí n gba ètò kọ̀ǹpútà tuntun. Mo gbà á. Wọ́n ní kí n fi òróró ra ọ̀pá tí irin ń gbà gòkè. Mo rà á. Wọ́n ní kí n ṣe fídíò. Ẹlòmíràn ló rí fídíò náà, òun sì ní kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà tó so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà.

N kò gbà pé ìkà ni wọ́n. Ó hàn nínú ọ̀rọ̀ wọn pé ẹnìkan ti to ìbéèrè sílẹ̀ fún wọn, àti pé wọn kò gbọdọ̀ fò dé èkejì bí èkíní kò bá tíì parí. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ̀wé sí wọn ló ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wáyà ni ìṣòro wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò sí nínú ìwé náà ti wọ gàù.

Nígbà tó yá, mo dá iṣẹ́ náà ṣe. Mo yọ irin ẹnu rẹ̀ kúrò, mo fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tó dúró sí, mo sì pàṣẹ pé kó sọ̀ kalẹ̀ ní mìlímítà 20 kó tún gòkè padà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Nígbà tó ṣe é tán, ó ti fi mìlímítà kan àtààbọ̀ sọ̀ ju àmì mi lọ. Àlàyé rẹ̀ kò le. Gígòkè ló wúwo fún un. Ó ń pàdánù ìṣísẹ̀ díẹ̀ nígbà tó bá ń gòkè, kọ̀ǹpútà kò mọ̀, nítorí náà ó ń tì í sísàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tó bá ń bọ̀. Ṣé ẹ́ńjìnnì ló rẹ̀ ni, àbí iná tó ń bọ́ ọ kò tó? Mo pàṣípààrọ̀ wáyà. Ẹ́ńjìnnì òkè àti ìsàlẹ̀ ni mo so mọ́ ibi tí ti ọ̀tún àti òsì ti ń gba iná, mo sì so ti ọ̀tún àti òsì mọ́ ibi tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí a rò pé ó ń ṣàìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ geere. Èyí tí ara rẹ̀ le tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Àbùkù náà kò tẹ̀lé ẹ́ńjìnnì. Inú bọ́ọ̀dù ló wà.

Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn pẹ̀lú fídíò méjì. Lẹ́yìn ọjọ́ 11, wọ́n fi páálí kékeré kan ránṣẹ́ sí mi. Mo já a. Ẹ́ńjìnnì ni.

Àbúrò mi ọkùnrin ń tún fóònù ṣe ní Ìbàdàn. Mo fi fídíò náà hàn án. Kò rò ó pẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ́ńjìnnì yín kò ṣe nǹkan kan. Chip tó ń pín iná fún un ló ń gbóná tó sì ń dákú. Ẹ bá mi tú bọ́ọ̀dù yẹn, ẹ gbé e fún ẹni tó bá mọ òjé jó, kó yọ ti àtijọ́ kó fi tuntun sí i. Wákàtí kan ni." Mo wo íntánẹ́ẹ̀tì. Irú chip bẹ́ẹ̀ kò tó £10. Ṣùgbọ́n sítíkà pupa kan wà lórí ìdérí bọ́ọ̀dù náà, ojú ìwé 3 wàráńtì sì sọ pé bí ẹnikẹ́ni tí ilé iṣẹ́ kò fọwọ́ sí bá fọwọ́ kan ibẹ̀, wàráńtì ti tán. Nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ra ẹ̀rọ yẹn àbí àwọn ló yá yín?"

Ìbéèrè rẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn. Ará Ìkéré kì í sọ̀rọ̀ igi gbígbẹ́ kó má rántí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, èyí tí wọ́n gbé wá sí ìpàtẹ ní Wembley lọ́dún 1924 tó sì wà lọ́wọ́ British Museum títí di òní. Bí àáké Ọlọ́wẹ̀ bá kú, alágbẹ̀dẹ ló ń gbé e lọ bá. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé bí alágbẹ̀dẹ bá fọwọ́ kàn án, àáké náà kì í ṣe ojúlówó mọ́. Òfin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 2021 tó ní kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ, fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n máa pèsè ẹ̀yà ara wọn fún àtúnṣe fún ọdún mélòó kan. Ẹ̀rọ ìgbẹ́gi tí a fi ń najú kò sí nínú rẹ̀.

Òfin mìíràn ló gbà mí, kò sì sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ fún mi nínú gbogbo íméèlì tí mo gbà. Consumer Rights Act ni, ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é. Mo rọ ẹ̀yin tó ń gbé níhìn-ín kí ẹ kà á kí ẹ tó ka ìwé wàráńtì kankan. Olùtajà tó gba owó yín ni òfin náà mọ̀. Ẹ̀bùn lásán ni wàráńtì ilé iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 30 àkọ́kọ́, ẹ lè dá ọjà tó bàjẹ́ padà kí ẹ gba gbogbo owó yín. Lẹ́yìn ìyẹn, olùtajà ní àǹfààní láti tún un ṣe tàbí láti pààrọ̀ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìfi falẹ̀, láìni yín lára jù, òun ni yóò sì san owó ìfiránṣẹ́. Bí àbùkù bá ṣì wà lẹ́yìn náà, ẹ lè kọ ọjà náà. Bí ó bá sì hàn láàárín oṣù mẹ́fà, òfin gbà pé ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí ọjà délé. Olùtajà ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ti fi ń wá ẹ̀rí tí òfin kò béèrè lọ́wọ́ mi.

Mo kọ lẹ́tà sí olùtajà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, mo dárúkọ òfin náà. Ohùn yí padà. Ọkọ̀ wá gbé ẹ̀rọ náà lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò lọ́dọ̀ wọn. Ọpọ́n ayò ṣì wà lórí tábìlì, ihò mẹ́fà tó dán, ihò kan tó lu já, àyè márùn-ún tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Mo ra irin ìgbẹ́gi kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ṣíbí, mo gé igi óákù róbótó, mo fi dí ìsàlẹ̀ ihò keje, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbẹ́ ìyókù. Ìrókò kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ihò kan gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta. Wọn kò jọra, èyí tó wà ní ìgun fẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ayò ń jókòó nínú wọn dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lọ sílé fún Kérésìmesì ló bá mi gbé e. Bàbá mi pè mí lọ́jọ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀ pé òun ti fi í jan ẹni méjì. Ó ní, "Ihò keje yìí, ó ń dún yàtọ̀. Igi mìíràn wà nínú rẹ̀ àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ ń dùn mọ́ òun.

Ẹ̀rọ náà ti padà dé kí oṣù kọkànlá tó parí, pẹ̀lú ìwé pé wọ́n ti fi bọ́ọ̀dù tuntun sí i. Mo dán an wò bí ti àtẹ̀yìnwá. Ìgbà kẹrin tó gòkè ni ó tún fò. Lọ́jọ́ náà ni mo kọ̀wé pé mo kọ̀ ọ́, mo fẹ́ owó mi. Olùtajà ní òun yóò yọ £200 nítorí pé mo ti lò ó. Mo rán an létí pé òfin kò fàyè gba irú iye bẹ́ẹ̀ bí a bá kọ ọjà láàárín oṣù mẹ́fà. Ó dákẹ́. Káàdì àwìn ni mo fi san owó náà, òfin ọdún 1974 kan, Consumer Credit Act, sì sọ ní abala 75 rẹ̀ pé ilé ìfowópamọ́ tó ni káàdì bá olùtajà pín ẹ̀bi lórí ọjà tí iye rẹ̀ bá ju £100 lọ tí kò sì ju £30,000 lọ. Mo kọ̀wé sí ilé ìfowópamọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìn-ín-ní, £1,180 wọlé láìdín kọ́bọ̀, ọkọ̀ sì wá gbé ẹ̀rọ náà lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ilé iṣẹ́ òkè òkun fi íméèlì ránṣẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ránṣẹ́ yanjú ìṣòro mi, kí n sì fún àwọn ní ìràwọ̀ láti 1 dé 5. Ẹ́ńjìnnì náà ṣì wà nínú páálí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi. Kò tíì sí ẹni tó béèrè fún un.